Màkàróónì Lẹ́yìn Ìdábùú

4.

…ni mo bá fi wáyà so etí ìkòkò mọ́ irin sítóòfù. Omi kì í sọ fún èèyàn kó tó dìde.

Ọmọ mi obìnrin ká mi mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó bi mí pé omi wo. Mo ní omi òkun. Ó lọ sójú fèrèsé, ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Àjà kẹta la wà. Títì ló wà nísàlẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Àtìgbà náà ló ti ń wò mí bí ẹni ń wo mílíìkì lórí iná.


5.

Ẹyọ kìíní, ìkejì àti ìkẹta kò sí mọ́. Ẹ̀yìn páálí màkàróónì ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Mo ti fi mẹ́ta nu agolo bọ́tà kí n tó rántí pé mo kọ nǹkan sí wọn.

Kò burú. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀.


6.

Ohun tí mo jẹ́: alásè nínú ọkọ̀ ojú omi, títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sinmi.

Ohun tí mo jẹ́ báyìí:


7.

ÌKÌLỌ̀ ARA ÒGIRI. Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ògiri ti dú.

          BÀÁMI, Ẹ JỌ̀Ọ́.

          ÒFIN KÌÍNÍ
          Ẹ MÁ KÚRÒ NÍDÌÍ INÁ.

          ÒFIN KEJÌ
          Ẹ MÁ DÁ ẸNIKẸ́NI LÓHÙN
          TÍTÍ OÚNJẸ YÓÒ FI JINNÁ
          TÍ Ẹ Ó SÌ PA INÁ.

          ÒFIN KẸTA
          ÀWỌN MÉJÌ YẸN TÓ.


8.

Ìdí tí ògiri fi dú: wọ́n ní mo gbé epo kaná. Wọ́n ní aránṣọ pè mí láti ìsàlẹ̀, mo sì lọ sójú fèrèsé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òwú ìránṣọ tó wọ́n la ń sọ tí iná fi gun ògiri.

Wọ́n ní mo gbàgbé.

Èmi ò rántí pé mo gbàgbé.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn láti ìta bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó tún tú ọwọ́ tí a fi ń yí gáàsì kúrò lára sítóòfù. Inú báàgì rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀ ní ọsibítù. Láàárọ̀, bó bá ń wá owó ọkọ̀ nínú báàgì, mo máa ń gbọ́ tí ọwọ́ gáàsì mi ń dún níbẹ̀.


9.

ÀDÉHÙN. Àárọ̀ òní, lẹ́nu ilẹ̀kùn.

ỌMỌ: Oúnjẹ kan péré, Bàámi. Látorí omi gbígbóná títí dé inú àwo.

BÀBÁ: Èwo?

ỌMỌ: Èyí tí ẹ máa ń sè fún mi bí ẹ bá ti ojú omi dé. Màkàróónì oníwàràkàṣì. Ti elédé, tí akàn wà nínú rẹ̀.

BÀBÁ: Bí mo bá sè é ńkọ́?

ỌMỌ: Màá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tiyín. Ẹ ó máa jáde, ẹ ó máa wọlé.

BÀBÁ: Bí mi ò bá rí i sè?

ỌMỌ: Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà.

BÀBÁ: Ṣé ilẹ̀kùn tiwọn máa ń ṣí?

ỌMỌ: Bàámi, mo ti ń pẹ́ síbi iṣẹ́.

Ó mú ọwọ́ gáàsì jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó gbóná díẹ̀. Ó ti dì í mú tipẹ́ kó tó fún mi.

Ó tilẹ̀kùn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó padà wá, ó ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó dè.

Ó dè.


10.

Ohun tó wà:
màkàróónì
bọ́tà
fùláwà
mílíìkì
edé nínú ọ̀rá
wàràkàṣì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọṣẹ ìfọṣọ
búrẹ́dì àná
ata funfun

Ohun tí kò sí:
akàn


11.

LÁTI OJÚ FÈRÈSÉ. Iná ò tíì sí nílẹ̀.

BÀBÁ: Aránṣọ, ṣé o wà níbẹ̀?

ARÁNṢỌ: Mo wà o, Kápùténì. Ṣé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ni?

(Mi ò fìgbà kan jẹ́ kápùténì. Mo ti sọ fún un. Ó ní ẹni tó ń bọ́ kápùténì ju kápùténì lọ.)

BÀBÁ: Bá mi yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Akàn ni mo fẹ́.

ARÁNṢỌ: Ọ̀gá yín tó ń tilẹ̀kùn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ sí i?

BÀBÁ: Òun ló bẹ̀ mí níṣẹ́.

ARÁNṢỌ: Ẹ má tún wá dáná sun wá o. Aṣọ aláṣọ ló kún ọwọ́ mi.

BÀBÁ: Iná ò tíì sí nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá ti dáná, o ò ní gbọ́ mi mọ́.

ARÁNṢỌ: Ọ̀rọ̀ yín ti di ti ẹni tó ń lọ àjò.

Mo fi okùn sọ̀ korobá kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Mo fà á sókè.

Akàn méjì. Wọ́n ṣì ń mí. Ẹlẹ́ja ti fi okùn de ọwọ́ wọn.

Mo wò wọ́n. Wọ́n wò mí.


12.

Okùn náà gùn dé ilẹ̀. Irin ojú fèrèsé yẹn ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì dára lè


13.

Mo se akàn ná. Mo tú okùn ọwọ́ wọn kí n tó sọ wọ́n sínú omi. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ náà ṣe mọ́, àmọ́ mo tú u.

Ìlàjì ìkòkò ni mo bu omi sí. Ọmọ mi máa ń ní kí ló dé tí mi ò bu omi kún ìkòkò. Ìkòkò tó kún máa ń dànù bí ọkọ̀ bá fì.

Mo mọ̀ pé ilé kì í fì.

Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́.


14.

Bí a ṣe ń ṣe é.

Se màkàróónì. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Iná ṣì ń dúró dè é níwájú.

Bó èèpo edé. Má dà á nù. Yan èèpo náà nínú bọ́tà títí yóò fi pọ́n, bu omi díẹ̀ lé e, sẹ́ ẹ. Omi pupa yẹn ni adùn. Ara edé gan-an, máa tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iná púpọ̀ ń sọ ọ́ di rọ́bà.

Yọ́ bọ́tà mìíràn. Da fùláwà sí i. Máa rò ó títí òórùn rẹ̀ yóò fi dà bíi ti bísíkíìtì.

Mílíìkì. Díẹ̀, rò ó. Díẹ̀, rò ó. Bí o bá kánjú, kókó lo máa bá nídìí rẹ̀.

Ibi tí mílíìkì dé yìí ni alásè ti ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀.


15.

Nípa ilẹ̀kùn.

Atukọ̀ tí ebi ń pa kì í kan ilẹ̀kùn. Èjìká ló fi ń ṣí i. Ọ̀kan ṣí i bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó gbá mi lẹ́yìn, mílíìkì gbígbóná dà sí mi lápá. Àwọ̀ ibẹ̀ ṣì ń dán títí di òní.

Láti ìgbà náà, bí mílíìkì bá ti gorí iná, màá gbé irin ìdábùú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ gbogbo tí mo wọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n má ṣe é.

Ilẹ̀kùn yìí náà ní irin ìdábùú lẹ́yìn. Ẹni tó gbé ilé ṣáájú wa ló fi síbẹ̀.

Ṣé mo gbé e sí i lónìí?

Ọwọ́ mi lẹ ó bi.


16.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ORÍ FÓÒNÙ. Mo ti dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì kí n tó ṣáná. Mo gbọ́ tó ń gbọ̀n. Òfin kejì ni mo tẹ̀lé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo tó kà wọ́n.

          Bàámi, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

          Ó ti yẹ kí omi ti hó báyìí.

          Bàámi?

          Mo mọ̀ pé ẹ ń rò ó lọ́wọ́ ni. Ẹ kàn tẹ nǹkan kan ránṣẹ́.

          Mo pè yín, ẹ ò gbé e.

          Òfin kejì yẹn ò kàn mí o. Èmi ni mo kọ ọ́.

          Bàámi ẹ dákun

          Mo ń bọ̀ nílé.


17.

Bó ṣe rí lójú ọmọ mi. Òun ló sọ ọ́ fún mi.

Ó ń lọ aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. Ó sọ fún ọ̀gá wọn pé bàbá òun ń dáná, kò sì gbé fóònù. Ọ̀gá wọn bi í pé ṣé bàbá ọ̀hún ò mọ oúnjẹ sè ni. Ó ní ó mọ̀ ọ́n sè. Ọ̀gá ní kí wá ni wàhálà. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wọ bọ́ọ̀sì tòun ti épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ lọ́rùn.

Nínú bọ́ọ̀sì ló ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń gbé mọ́tò bọ̀.


18.

Ọbẹ̀ mílíìkì ti ki. Mo sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná kí n tó da wàràkàṣì tí mo rin sí i. Bó bá wà lórí iná, epo rẹ̀ a yọ, ìyókù a dì bí okùn.

Mo da omi edé sí i. Ata funfun. Iyọ̀ díẹ̀, torí wàràkàṣì ní iyọ̀ tirẹ̀.

Ẹran ara akàn. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí fọ́ ọwọ́ wọn.

Edé. Màkàróónì. Mo pò ó. Ó ń dún pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ohùn tó yẹ kó dún.

Mo dà á sínú páànù. Èérún búrẹ́dì lókè. Mo tì í sínú ófùn, mo jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀.

Ojú rẹ̀ funfun. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi pọ́n.

Èmi náà.


19.

Kó. Kó. Kó.


20.

Ẹrù kan ti já nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí òkun bá ru, ẹrù a máa gbá ara ọkọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ alásè láti lọ wò ó.


21.

Kó. Kó. Kó. Kó.

"Bàámi."

Kì í ṣe ẹrù.

Mo mọ ohùn náà.


22.

LẸ́NU ILẸ̀KÙN. Aránṣọ ló ròyìn rẹ̀, ó ti gun òkè wá.

ỌMỌ: Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn ò ṣí. Nǹkan dí i lẹ́yìn.

ARÁNṢỌ: Bóyá ó sùn.

ỌMỌ: Kì í sùn lọ́sàn-án. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn?

ARÁNṢỌ: Ìgbà tí mo fún un lákàn. Ó ní bí òun bá ti dáná, mi ò ní gbọ́ òun mọ́.

ỌMỌ: Ó ní kí ni?

ARÁNṢỌ: Ohun tó wí nìyẹn. Èmi náà dá a lóhùn pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lọ àjò.

(Aránṣọ ní ibi tó ti sọ èyí ló ti rí i tí ọmọ mi fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ó ní òun ì bá ti dákẹ́.)


23.

Lórí àpótí.

Bí mo bá dáhùn, mo rú òfin kejì.
Bí mo bá dìde, mo rú òfin kìíní.
Bí mo bá pa iná nísinsìnyí, ojú rẹ̀ ò ní pọ́n, mi ò sì tíì sè é délẹ̀. Ó ní látorí omi gbígbóná títí dé inú àwo.
Ibikíbi tí mo bá yà sí, ilé àwọn àgbà ni.

Nítorí náà mo jókòó.

Òun ló wà níta, tó fẹ́ wọlé. Èmi ló wà nínú ilé, tó fẹ́ jáde. Ilẹ̀kùn kan náà.

Ó ń pè mí. Ó pè mí ní Bàámi, ó pè mí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè mí. Mo fi eyín di ètè mi.


24.

Mo rántí ṣíbí.

Nínú ọkọ̀, bí àwọn atukọ̀ bá ń yọ alásè lẹ́nu, kò ní la ẹnu. A fi ṣíbí lu ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. Ìtumọ̀ rẹ̀: gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ó ku díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Kò sí atukọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Òfin ò sọ̀rọ̀ ṣíbí.

Mo na ọwọ́, mo lu ìkòkò.

Gán-ín. Gán-ín.

Mo dúró díẹ̀. Mo tún un lù kó lè fi í lọ́kàn balẹ̀.

Gán-ín. Gán-ín.


25.

LẸ́NU ILẸ̀KÙN.

ỌMỌ: Ẹ gbọ́.

ARÁNṢỌ: Mo gbọ́. Bí irin.

ỌMỌ: Ó ti ṣubú. Ó ń fi nǹkan lu ilẹ̀ kí a lè gbọ́ ọ.

ARÁNṢỌ: Ẹ jẹ́ kí n sáré pe wẹ́dà, kó wá gé ilẹ̀kùn.


26.

Ọmọ alásè ni. Kì í ṣe ọmọ ọkọ̀.

Mi ò kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ṣíbí.


27.

Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n létí.


28.

Ṣììììììììììììììì


29.

Wẹ́dà ti dé. Ó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ìpẹ́pẹ́ iná gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé, ó ń fò káàkiri ilẹ̀ bí kòkòrò. Mo ń wo ìyẹn. Mo ń wo ófùn. Nínú gbogbo iná tó wà nínú ilé yìí, tèmi nìkan ló wà lábẹ́ àṣẹ.

Ó gé lọ́ọ̀kì. Ó bá ìdábùú lẹ́yìn rẹ̀. Ó gé ìyẹn náà.

Ojú màkàróónì ti pọ́n dé àárín. Wàràkàṣì ń hó létí páànù. Ó tó.

Mo pa iná. Mo yọ ọwọ́ gáàsì, mo fi í sápò. Mo fi aṣọ gbé páànù jáde. Mo bu ti ọmọ mi sínú àwo, torí inú àwo ni àdéhùn parí sí. Lẹ́yìn náà mo la ẹnu.

"Ta ni yẹn?"

Ilẹ̀kùn sì wó.


30.

NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ.

ỌMỌ:

BÀBÁ: O tètè dé.

ỌMỌ:

BÀBÁ: Ẹ rọra o. Páànù gbóná.

ỌMỌ: Ẹ gbọ́ tí mo ń pè yín?

BÀBÁ: Mo gbọ́.

ỌMỌ: Láti ìgbà wo?

BÀBÁ: Láti ìbẹ̀rẹ̀.

ỌMỌ: Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?

Mo fi ṣíbí tọ́ka sí ògiri.

Ó kà á. Ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Aránṣọ náà kà á, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun, ó sì yíjú sí ojú fèrèsé nítorí ẹ̀rín.

ỌMỌ: Ìdábùú yẹn ńkọ́, Bàámi? Ibo ni mo ti kọ ìdábùú?

Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo fi ibi tí mílíìkì jó mi hàn án. Ó ti rí i láìmọye ìgbà. Kò béèrè rí, èmi náà ò sọ. Mo sọ ọ́ fún un báyìí. Kò gùn.

Ó wá lọ sídìí sítóòfù, ó fi ọwọ́ kan wáyà tí mo fi so ìkòkò. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó dè.


31.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ti wọ àdúgbò, ó ń béèrè bóyá kí òun gbé ẹrù mi sínú mọ́tò tààrà. Ọmọ mi ní kó ṣì máa bọ̀ ná. Kò sọ pé rárá. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì bí mo ṣe dojú tèmi dé.


32.

Ó mú àwo. Kò jókòó. Épírọ́ọ̀nù ọsibítù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo bu fún aránṣọ. Mo bu fún wẹ́dà, ó ní òun ò tíì fọwọ́, mo ní kó máa fi ṣíbí jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ̀kan, ó wò mí. Ó jẹ èkejì, ó bi mí pé kí ni mo fi sí i. Mo ní sùúrù. Aránṣọ ní irọ́ ni, akàn òun ni.

Ọmọ mi ò tíì jẹ. Ó fi ṣíbí ya ojú rẹ̀. Èéfín jáde. Mo rí i bó ṣe fa èéfín náà símú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ojú tábìlì ṣì ga jù ú lọ.


33.

Ilẹ̀kùn fara ti ògiri. Níbi tí lọ́ọ̀kì wà tẹ́lẹ̀, ihò ni. Mo lè rí àtẹ̀gùn láti ibi tí mo wà. Ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan ń gùn ún bọ̀, ó ń fi bàtà líle gùn ún.

Kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ mi ṣèlérí wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Tuntun ni. Ó ti lọ gé e tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ṣe é.

Kò sí ohun tó lè ṣí mọ́.


34.

Wẹ́dà nu ẹnu. Ó gbé irin rẹ̀ sínú àpò, ó wo ihò ilẹ̀kùn.

WẸ́DÀ: Àǹtí, màá gbé lọ́ọ̀kì tuntun wá lọ́la. Níbo ni kí n ti jẹ́ kó máa tì: inú ni, àbí ìta?

Ọmọ mi ti fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu.

Ó na ìka kan sókè, pé ká ní sùúrù.

Ó ń rún un.